Rẹ́múrẹ́mú

Ẹ̀wù funfun kan ń bẹ ní àjà kejì hósítẹ́ẹ̀lì wa,
a ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á.
Ó ti wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ju gbogbo wa lọ:
Ansar wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n ní kó máa relé;
Devasahayam wọ̀ ọ́ lọ, ó gba iṣẹ́ Pune;
Muthuraman wọ̀ ọ́, ó làágùn sí i
títí abíyá rẹ̀ fi pọ́n bí omi tíì.
Lọ́la, èmi ló kàn.

Òjò Coimbatore ti mú iná lọ láti aago mẹ́sàn-án.
Áyọ́ọ̀nù tutù lọ́wọ́ mi, ọrùn ẹ̀wù ò tíì nà.
Mo bu omi gbígbóná sínú ife irin,
mo ń fi ìdí ife lọ apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àná ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri.
Àwa mẹ́rìnléláàádọ́fà la ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà,
mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́ kù sórí bébà.
Kathirvel, ẹnì kẹtàdínlógún:
mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi ìka tọ́ ọ
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ansar jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí mi lójú,
ó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lójijì:
"Sọ fún wa nípa ara rẹ."
Mo la ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì tí mo há sórí jáde,
ó tò gẹ́rẹ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà:
mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, mo máa ń tètè kọ́ nǹkan,
mo fẹ́ràn kí n máa bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́.
Ansar rẹ́rìn-ín. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.
Devasahayam sọ bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀wù yẹn fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí."

"Kí ni àléébù rẹ?"
Wọ́n ti kọ́ wa ní ìdáhùn ìyẹn náà ní kíláàsì:
sọ pé iṣẹ́ ni o máa ń ṣe láṣejù.
Àléébù tó wẹ̀, tó pa ìpara.

Àléébù tèmi gan-an, inú etí ló wà.
Ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́rin ni bàbá mi ń ṣọ́ ní Somanur,
àárín ariwo wọn ni wọ́n bí mi sí;
bí ibì kan bá dákẹ́, oorun kì í kùn mí.
Bàbá kì í wo ẹ̀rọ kó tó mọ̀ pé òwú kan já.
Á dédé gbójú sókè nídìí oúnjẹ,
á ní, "Ẹ̀kẹta," á sì dìde,
ìrẹsì ṣì wà ní ìka rẹ̀.
Èmi náà, bí iṣẹ́ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò lọ,
mo máa ń kà á sókè, ketekete;
ibi tó bá ti kọsẹ̀ lẹ́nu mi,
ibẹ̀ ni òwú ti já.

Inú òkùnkùn ni mo ti sọ èyí,
Tamil ń kọlu Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ń subú.
Ansar pa tọ́ọ̀ṣì.
Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé ó ti sùn.
"Sọ ìyẹn," ó wí. "Bó tilẹ̀ kán sí ọ lẹ́nu, sọ ìyẹn."

Ilẹ̀ mọ́. Àga ike lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn,
fáìlì lórí itan, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì.
Ẹ̀wù fún mi lọ́rùn, ó ṣò lápá;
aṣọ àyálò kúkú ni, ara ta ni kó mọ̀?
Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.
Mo wá ohun mi káàkiri ara mi:
bàtà Ansar, táì Muthuraman,
bẹ́líìtì ẹni tí mi ò mọ̀ rí.
Ó ku etí méjì.

Wọ́n pe ẹnì kẹrìndínlógún. Ilẹ̀kùn tún padé.
Fáànù ń yí lókè orí wa,
apá mẹ́ta, ọ̀kan ń kọsẹ̀.
Mo gbọ́ ọ.