Etí Ọ̀tún

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sí etí ọ̀tún.
Ẹ bọ́ sápá òsì, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé,
ẹ jẹ́ kí kékeré yẹn kọjá síwájú,
kí ẹ sì rọra o, òjò àná ṣì wà lára òkúta.

Àpáta yìí, àbúrò Ọlósùnta ni.
Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ayé ń wò láti ọ̀nà Adó,
òun ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.
Ti àbúrò, láfún la máa ń sá sí i lẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ewúrẹ́ ń sùn sí i,
kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀
àfi ìgbà tí Tíṣà Fáṣuyì dé
pẹ̀lú awò kan tó ń sọ èèrà di ẹfọ̀n.

Ó ní iná ló bí i.
Ó ní nígbà tí kò tíì sí ẹyẹ, tí kò tíì sí koríko,
ó ń hó bí ẹ̀kọ nísàlẹ̀ ilẹ̀,
ó wá ń tutù, kò kánjú,
ìdí nìyẹn tí eyín funfun inú rẹ̀ fi tóbi tó yìí
(ẹ fọwọ́ kàn án, ó ju ọmọ àgbàdo lọ).
Òjò ló ń bu erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ kan,
títí orí fi yọ síta bí orí ọmọ nílé ìgbẹ̀bí.
Ó ṣì ń bó dòní, bí èèpo àlùbọ́sà.

Etí kan ṣoṣo ni mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.
Ogójì ọdún ni mo fi gbé ẹ̀yìn àpáta yìí,
mo rò pé òkúta ni òkúta.

Owó ìwọlé, igba náírà fún ọmọdé,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún àlejò tó gbé kámẹ́rà.
Òun la fi ṣe afárá onígi tí ẹ gbà kọjá,
òun la fi ń sanwó Ọmọ́tádé tó ń ṣa ọ̀rá píọ́wọ́tà.
Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn lóṣù tó kọjá,
ó ní òun kò mọ̀ pé òkúta lè ní ìtàn
tí kì í ṣe ìtàn ọba.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò mọ̀.

Ó dáa. Ẹ dúró níbí.
Ẹ ka àwọn ihò yìí.
Méje. Wọ́n tò gbọọrọ bí ihò fèrè.
Òjò kọ́ ló gbẹ́ wọn.
"Bàbá, ta ló lu wọ́n?"
Ìbíyẹmí ló béèrè, ó ti ki ìka bọ ìkẹta.

Pátákó tó wà nísàlẹ̀ sọ pé "àwọn afọ́kùúta".
Ọ̀rọ̀ tí kò lójú, tí kò lórúkọ.
Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń wò mí, ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ihò,
mo bá ní:
èmi ni.
Ọwọ́ yìí. Ọdún tí mo fẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi.
Ihò kan, owó iṣu mẹ́ta.
A ti fọ́ apá ọ̀hún, ẹ wò ó bí erìgì tí eyín ti ká,
ó di títì, ó di ìpìlẹ̀ báńkì kan ní Àkúrẹ́.
Ọjọ́ tó kan méje yìí ni ẹ̀tù bú sí mi létí.
Ọ̀gá gbé owó oṣù wa sá lọ. Iṣẹ́ dá.
Ìdí tí àpáta fi kù nìyẹn.
Kì í ṣe ìfẹ́.

Wọ́n dákẹ́. Tíṣà náà dákẹ́,
ọdún mẹ́rin ló ti ń bọ̀ níbí, n kò sọ fún un rí.
Ìbíyẹmí yọ ìka, ó nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì,
ó rìn wá sápá ọ̀tún mi, apá tí mo ní kí wọ́n má wá,
ó sọ nǹkan kan síbẹ̀.
N kò gbọ́.
N kò sì ní kó tún un sọ.

Ẹ jẹ́ ká máa gòkè. Kòtò omi ń bẹ lórí, àkèré ń bẹ nínú rẹ̀,
bọ́ọ̀sì yín ń retí yín di aago méjì.
Ẹ má mú òkúta kankan relé,
bó ti wù kó kéré tó.
Mo ti mú ìpín gbogbo wa.