Ẹ̀wù Nọ́ńbà Mẹ́jọ

Ìyá mi ló ń fọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà,
mẹ́tàlá lọ́sẹ̀, nínú ọpọ́n onírin lẹ́yìnkùlé wa ní Hunslet.
Ti Amos Thackray ló máa ń kẹ́yìn.
"Ẹni yìí," ni ìyá mi máa ń wí, "ilẹ̀ ló fi ń bora."

Òru Ẹtì ló jáde nínú kòtò èédú,
ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó ti gbá bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin mọ́ àyà.
Bó bá fẹ̀yìn rìn, ẹ yàgò:
àgbò ló lọ gbé agbára.
Bí wọ́n bá borí, pọ́n-ùn mẹ́ta.
Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ṣílè díẹ̀
àti ẹnu àwọn ará àdúgbò.

Lọ́dún kan, ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Ọsirélíà.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí òkun. Ó padà
pẹ̀lú ìkarahun kan fún Hettie, ìyàwó rẹ̀,
àti orúnkún tí kì í gbọ́ràn mọ́.

Kòtò náà ti lé idajì àwọn òṣìṣẹ́ lọ.
Wọ́n wá fi í sẹ́nu ọ̀nà pápá,
ó ń gba sísì
lọ́wọ́ àwọn tó ti fi orúkọ rẹ̀ ha ọ̀fun rí.
Ó máa ń jẹ́ kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ọmọ alágbàfọ̀.
Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé:
"Ṣé ẹrẹ̀ mi ṣì wà nínú omi ìyá rẹ?"

Mo ní ó wà.
A ti da omi náà nù tipẹ́.