Orúkọ Abẹ́ Ìjókòó

Tegwen ni mí. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré
tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé Bryn Eithin, lórí òkè ní Wélsì,
níbi tí òjò kì í ti í kágò kó tó wọlé.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà sọ pé ọ̀gá àgbà kan ló kọ́ ọ.
Irọ́ funfun báláú.
Àwọn awakùsà ló kọ́ ọ, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀,
ní ọ̀sán Sátidé, tí eruku òkúta ṣì wà ní èékánná wọn.
Wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ aró sórí òrùlé,
wọ́n tò ó bí ìpẹ́ ẹja.
Ọ̀gá àgbà? Ó mú ṣíbí bíríkìlà oní-fàdákà,
ó fọwọ́ kan òkúta kan ṣoṣo,
ó lọ mu tíì.

Idwal Prydderch ló gbẹ́ àwọn ìjókòó,
igi óákù, tó le bí olórí kunkun.
Ọmọ rẹ̀, Ifor, wà ní kíláàsì kẹta.
Ìwàásù kan gùn títí, ọmọ yọ ọ̀bẹ,
ó fín orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀.
Ẹgba mẹ́fà. Wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá:
"Fá a kúrò."
Ó gbé ìfági, ó fá a.
Orúkọ ọmọ ń ká, ó ń já bọ́ sílẹ̀
bí èèpo ọsàn. Kò sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹta, ogun dé.
Ó jẹ mọ́kànlélógún nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí.
Ilẹ̀ Faransé kò dá òkú Ifor padà.
Wọ́n ní kí Idwal fín orúkọ wọn sára ògiri, àwọn yóò sanwó.
Ó fín ogún.
Ó fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sílé.
Ó wá fín ẹyọ kan tó kù, ó jinlẹ̀ ju ìyókù lọ:
ìka mi máa ń rì sínú rẹ̀ bí mo bá ń nu eruku.

Agogo sán lọ́dún yìnyín ńlá. Eku jẹ awọ dùùrù.
Wọ́n gba obìnrin wọlé, ìyá mi wà nínú wọn.
Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí;
àwọn ọmọ ń jẹ ìdí bírò, wọ́n ń wo òkè
bí ẹni pé ìdáhùn wà lára igi àjà.

Ọjọ́rú tó kọjá, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo dùbúlẹ̀ kí n fà á yọ lábẹ́ ìjókòó kẹta,
mo gbójú sókè.
Lẹ́tà mẹ́rin: IFOR.
Kì í ṣe ọ̀bẹ ọmọdé. Ó gún régé, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni.
1911 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀,
ọdún ẹgba.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo fi epo díẹ̀ pa á,
mo dìde, mo gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.