Ẹni Tó Ń Ránni Létí

Ní Kutáísì, lábẹ́ pátákó orí ìtàgé,
Lámárà jókòó sínú ihò bí òkété,
ìwé lórí orúnkún, gílóòbù kan ṣoṣo lókè orí.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wo bàtà àwọn ọba.

Ó mọ ìtàn náà lórí:
balógun jẹun yó lọ́wọ́ ọba,
ó wo adé títí oorun fi dá lójú rẹ̀.
Ó pa ọba. Ó pa ẹni tó bá a gbé fìtílà.
Ó wá jókòó, àga náà ń jó o nídìí.

Lálẹ́ àná, Súrábù gbé ọ̀bẹ sókè,
ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu rẹ̀.
Ilé ìṣeré pa lọ́lọ́.
Ọba arúgbó ń han irọ́ lórí ibùsùn.
Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù, ẹnu Lámárà ni wọ́n wà.
Bó bá gbé wọn mì, ilẹ̀ á mọ́ bá ọba.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ iná.
Ọ̀bẹ balẹ̀.

Létí odò Ríónì, lọ́nà ilé, ó dúró.
Ṣebí balógun nìkan ló fẹ́ adé?
Kò bi ara rẹ̀ rí
pé ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀.