Àga Ìdí Fèrèsé

Lọ́yà ní, "Òjéwándé, ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì,
wá ẹni tí yóò jókòó sí àga rẹ."
Èmi tí mo ti ń ṣí ọ́fíìsì yìí láràárọ̀
láti ìgbà tí táípù onírin ń ké lórí tábìlì.

Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ní Tákìé. Ènìyàn mẹ́fà wá.
Ọ̀kan de táì, ó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn;
mo fún un lómi mu, ó gbàgbé ohun tó bá wá.
Ọ̀kan yára lórí kọ̀ǹpútà bí òjò orí páànù,
ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo ní kó dà kọ,
ó fo orúkọ ẹni tó lẹjọ́.
Ọ̀kan béèrè owó oṣù kó tó jókòó.
N kò bá a wí:
ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Rafátù, ọmọ Òkè Ẹlẹ́rin, ló wọlé kẹ́yìn,
eruku ọ̀kadà ṣì wà létí híjáàbù rẹ̀.
Mo gbé ìwé ilẹ̀ àtijọ́ kan fún un.
Kò sáré. Ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn
bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.
Ó gbójú sókè: "Bàbá, wọ́n ní igi ìyeyè ni ààlà.
Ṣé igi ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!
Adájọ́ kò béèrè, lọ́yà kò béèrè,
èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ kò béèrè.
Mo ní, "Wọ́n ti fi dáná tipẹ́."

Mo fi kọ́bọ́ọ̀dù hàn án, àti ihò tí eku ń gbà wọlé.
Mo sọ ẹni tó ń gba fáìlì ní kóòtù
tí kì í ní kí èèyàn kọ́kọ́ kúnlẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni mo sọ èyí tí n kò sọ fún Lọ́yà rí:
fáìlì kan tí mo kì bọ inú fáìlì ẹlòmíràn,
ẹjọ́ opó kan ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
tí wọ́n ń sún síwájú, tí wọ́n ń sún síwájú,
títí òun fúnra rẹ̀ fi sùn.
Oṣù kejì ìsìnkú rẹ̀ ni mo rí i.

Mo rò pé yóò dìde lọ.
Ó ṣí rẹ́jísítà tuntun, ó mú bíírò:
"Kí lorúkọ wọn?"
"Wúràọlá Àtàndá."
Ó kọ ọ́ sí ìlà kìn-ín-ní, ó fàlà sí i nídìí.

Ọjọ́ Ẹtì ni n ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.
Lónìí, mo ṣì ń fọwọ́ kàn án nínú àpò.