Ahọ́n Aláró

Páálí náà dé láti Gẹ́mbù, lórí òkè Màmbílà lọ́hùn-ún.
Múyìwá àbúrò mi ló fi rán awakọ̀,
ó fi tẹ́ẹ̀pù wé e bí ẹni ń di egbò.
Agolo mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀,
kò sí àpò kékeré olókùn kankan,
ewé gbígbẹ lásán, tó ká jọ bí irun ọmọ tuntun.

Lásísì aránṣọ yọjú lójú fèrèsé:
"Kí nìyẹn? Tábà ni àbí àgbo?"
Mo ní tíì ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibì kan jókòó.
Ní Òkè-Baálẹ̀ níbí, kí la mọ̀ sí tíì?
Mílò ni tíì, Bọ̀nfítà ni tíì,
kí mílíìkì ki, kí ṣúgà sùn sí ìdí ife,
kí búrẹ́dì rì sínú rẹ̀ kó má lè dìde mọ́.
Ewé inú omi, aláìsàn ló ni ín.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n sè.
Mo sè é bí ẹni ń se dóńgóyárò,
ó hó, ó tún hó, mo dé e, mo lọ pọn omi.
Nígbà tí mo tọ́ ọ wò,
bí jogbo bá gbọ́, jogbo á jowú.
Lásísì da tirẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ò kú ṣá.

Lálẹ́, iná lọ. Mo jókòó ti sítóòfù,
mo rántí Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyá mi,
tó rẹ aṣọ láró ní ẹ̀yìnkùlé yìí kan náà.
Kì í wo aago. Kò ní aago.
Á ti ìka bọ inú ìkòkò, á fi kan ahọ́n,
á dijú díẹ̀, á ní,
"Kò tíì jí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."
Àárín ahọ́n rẹ̀ dúdú títí ó fi kú;
a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́,
ahọ́n yẹn ló sanwó ilé-ìwé wa.

Mo bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná,
mo jẹ́ kí híhó omi rọlẹ̀,
mo fi ìka mẹ́ta bu ewé agolo kejì,
mo da omi lé e.
Mo dúró.
Ó kọ́kọ́ dà bí òjò inú àgbá,
ó wá di pupa rẹ́súrẹ́sú.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó jó mi, mo lá a.
Kò tíì.
Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn:
àbí ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá,
tíì, ohun tí kò tíì tó,
tó ní kí a ṣì ní sùúrù?

Láti ìgbà náà, mo ti mọ díẹ̀.
Omi ẹ̀rọ ń rùn bí irin; omi kànga Ìyá Rafátù ló bá a mu.
Agolo kìíní ń ta sánsán bí igi tí òjò pa,
ìkejì bí àgbàdo tí wọ́n ń sun ní òpópónà kejì,
a gbọ́ òórùn, a ò rí alágbàdo.
Ìkẹta kò fẹ́ràn mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.
Lọ́jọ́ Àìkú mo já koríko ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
mo gé e sí i.
Lásísì gbé ife, ó dákẹ́.
Ó mu ún tán, ó wo ìdí ife,
ó ní, "Ṣúgà dà?"
Ṣùgbọ́n ó ti na ife padà sí mi.

Múyìwá pè mí lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dùn jù?"
Mo wo ewé tó ti tú ara rẹ̀ ká nínú ife,
tó na apá bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
mo wo orí ìka mi tó ti ń pọ́n.
Mo ní, dúró ná,
mi ò tíì mọ̀.