Ọmọ Tó Kọ Oúnjẹ

Wọ́n mú iná lọ ní Èbúté-Mẹ́ta,
mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáhùn.
Fáànù yí, gílóòbù tàn,
fìríìsà kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.
Àfi yúpíẹ́ẹ̀sì abẹ́ tábìlì:
kẹ̀ẹ́, ó gbà á; kẹ̀ẹ́, ó tú u jáde.
Kẹ̀ẹ́. Kẹ̀ẹ́.
Títí bátìrì inú rẹ̀ fi gbẹ,
tí kọ̀ǹpútà kú mọ́ mi lójú
tòun ti ojú-ìwé mọ́kànlá tí n kò tíì fi pamọ́.

Mo ra òmíràn ní Àlábà.
Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ló bá a lọ, kí n má purọ́.
Òun náà: kẹ̀ẹ́.
Bọ̀dá Sẹ̀míù ìsàlẹ̀ ní ayédèrú ni.
Onílé ní kí n gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ Sátidé ni Tàwàkálítù dé,
ọmọ Bàbá Ríwáyà.
Kò tíì yọ mítà lápò tó fi ní,
"Ẹ wo gílóòbù yín."
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jókòó sábẹ́ rẹ̀,
n kò rí i rí pé ó ń mí:
ó mọ́lẹ̀, ó ṣú díẹ̀, ó mọ́lẹ̀,
bí àyà ẹni tó sáré gun àkàsọ̀.

"Yúpíẹ́ẹ̀sì yín ò yájú, kò sì ṣàìsàn.
Bí ọmọ bá ń tu oúnjẹ dànù,
ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò."
Ó tọ́ ọ wò. Mítà ò dúró lójú kan:
igba ó dín mẹ́wàá, igba ó lé ọgọ́ta;
bí fìríìsà bá sì ta kìjí,
nọ́ńbà á já bọ́ bí àgbọn.
"Fáànù á jẹ ẹ́, kò mọ adùn.
Èyí nìkan ló ń sòótọ́ nínú ilé yìí."

Ó tú kábúrétọ̀. Ìdọ̀tí pupa
jáde nínú ihò tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀.
Ó fi epo ṣàn án, ó yí sukurú kan báyìí, díẹ̀díẹ̀,
orí rẹ̀ tẹ̀ síbì kan bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri,
títí ariwo ẹ̀rọ náà fi di ìlà kan ṣoṣo.
Ó ní kí fìríìsà máa dá jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kẹ̀ẹ́.
A dúró.
Ìyàwó mi di ìlẹ̀kùn mú.
Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kò tún dún mọ́.

Mo ti bú u fún oṣù kan gbáko,
mo fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó mọ̀.
Lóru yẹn, mo fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀,
mo sì bẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé kìn-ín-ní.